Àpò kún, iná ò jó: àkọsílẹ̀ táǹkì báyógáàsì kan tí inú rẹ̀ kan

Táǹkì oníke tó ń sọ pàǹtírí oúnjẹ di báyógáàsì, ìyẹn gáàsì ìdáná, ni, ó gba 5,000 lítà. Omi inú rẹ̀ kì í kọjá 4,000 lítà. Àyè tó ṣẹ́kù lókè ni gáàsì ń kóra jọ sí kó tó gba họ́ọ̀sì lọ sínú àpò rọ́bà tó lè gba 2,000 lítà. Páìpù ínṣì 4 ni pàǹtírí ń gbà wọlé. Ẹnu rẹ̀ nínú táǹkì sọ̀kalẹ̀ títí ó fi ku 30 sẹ̀ǹtímítà kó kan ìsàlẹ̀, kí gáàsì má baà rí ibẹ̀ gbà sá jáde. Páìpù mìíràn wà ní òdìkejì tí omi ń gbà ṣàn jáde bí tuntun bá ti wọlé. Kọ́ọ̀kì ínṣì 2 kan tún wà nísàlẹ̀ pátápátá fún fífa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Kí gáàsì tó dé inú àpò, ó ń kọjá nínú ike omi kan tí ẹnu họ́ọ̀sì rì wọ inú omi rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Ike yìí ń gba ìrì inú họ́ọ̀sì, kì í sì í jẹ́ kí iná rí ọ̀nà padà sínú táǹkì. Láàárín àpò àti sítóòfù ni páìpù kan wà tí wọ́n ki irun irin ìfọkòkò tó ti dípẹtà sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba hydrogen sulphide, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin òbu tó sì ń jẹ irin bọ́nà. (Bí ẹ bá fẹ́ da irun irin tó ti gba gáàsì yìí nù, ẹ kọ́kọ́ rì í sínú omi. Bí afẹ́fẹ́ bá kàn án ní gbígbẹ, ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀ débi tó lè gbaná.)

Lójoojúmọ́, 20 kílò pàǹtírí ilé ìdáná ni wọ́n ń fún un, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ kó má tóbi ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, wọ́n á pò ó mọ́ 60 lítà omi. Egungun, èèpo ẹyin àti ọ̀rá nylon ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣà kúrò. Nínú 20 kílò yẹn, omi ló pọ̀ jù. Ohun tí kòkòrò àìfojúrí lè jẹ níbẹ̀ kò ju bíi kílò 4 lọ. Kílò 4 sínú 4,000 lítà jẹ́ kílò kan fún 1,000 lítà lójúmọ́. Fún táǹkì tí kò ní ohun tó ń mú un gbóná, tí kò sì ní ẹ̀rọ tó ń rò ó, ibẹ̀ ló dáa kéèyàn dúró sí. Ẹni tó bá fẹ́ lé e dé kílò kan ààbọ̀ gbọ́dọ̀ máa yẹ omi rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nítorí pé 80 lítà ló ń wọlé lójúmọ́, omi ń lo 50 ọjọ́ kó tó jáde, èyí tó tó nínú omi tó wà láàárín 28 sí 30°C.

Èrè rẹ̀ ni bíi 2,000 lítà gáàsì lójúmọ́, tí nǹkan bí 60 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ methane, gáàsì tó ń jó, ìyókù CO₂, tí kì í jó. Bọ́nà kan ń jẹ 350 sí 400 lítà ní wákàtí kan, nítorí náà sítóòfù ń jó fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́. Oṣù méje ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀.

Àrọ́jù

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Àlejò pọ̀ nílé, àjẹkù pọ̀, wọn ò sì fẹ́ kó ṣòfò. Dípò 20 kílò, 60 kílò ni wọ́n ń dà sí i lójúmọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n ti sè, pẹ̀lú lítà 8 òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan títí ó fi gbó. Nítorí pé ó ti rọ̀, wọn ò fi omi sí i tó bó ṣe yẹ.

Ní ọjọ́ kẹrin, àpò gáàsì wú, ó le bí ìlù. Inú wọn dùn. Ìgbà tí wọ́n ṣáná sí bọ́nà, ahọ́n iná náà fò kúrò lójú ihò, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Wọ́n dí ihò afẹ́fẹ́ bọ́nà pátápátá. Ó jó díẹ̀, ó tún kú. Wọ́n rò pé ebi ló ń pa táǹkì. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n da 40 kílò mìíràn sí i. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, èyí ló burú jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe bí iná ò bá jó.

Ní ọjọ́ kẹfà, ìfófòó ń yọ láti ẹnu páìpù ìjáde. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe ti ẹyin òbu tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn: ó ń ta nímú bíi fínígà, òórùn bọ́tà tó ti bàjẹ́ sì ń tẹ̀ lé e. Bébà pH, tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn (bí nọ́ńbà bá ṣe ń wálẹ̀ ni kíkan ń pọ̀ sí i), tó máa ń fi 7.2 hàn tẹ́lẹ̀ fi 6.1 hàn.

Ìdí tí àpò fi kún nígbà tí iná kò jó

Oríṣi kòkòrò méjì ni iṣẹ́ inú táǹkì wà lọ́wọ́ wọn, wọn kì í sì í rìn pọ̀ ní ìṣísẹ̀ kan náà. Àwọn àkọ́kọ́ ń fọ́ oúnjẹ sí ásíìdì: acetic acid tó wà nínú fínígà, propionic acid, àti butyric acid tó ń rùn bí bọ́tà tó bàjẹ́. Àwọn yìí lè di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn kejì ló ń jẹ acetic acid, àti hydrogen pẹ̀lú CO₂, tí wọ́n ń sọ wọ́n di methane. Ó ń gba àwọn yìí ní ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó di ìlọ́po méjì. Bí oúnjẹ bá di ìlọ́po mẹ́ta lójijì, àwọn alásíìdì á tètè pọ̀ tó iṣẹ́ náà. Àwọn aṣe-methane ò ní lè bá wọn. Bí pH bá sì ti wálẹ̀ kọjá 6.5, ìwọ̀nba tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ pàápàá á dínkù. Bí propionic acid bá ti gbára jọ, òun ló ń pẹ́ jù kó tó lọ, nítorí àwọn tó ń jẹ ẹ́ kò lè ṣiṣẹ́ àyàfi bí àwọn mìíràn bá ń kó hydrogen kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Òróró dá kún un lọ́nà tirẹ̀. Kílò kan ọ̀rá lè mú bíi 1,000 lítà methane wá, nígbà tí kílò kan ìyẹ̀fun ò ju bíi 415 lọ, èyí ló fi ń wu èèyàn láti da òróró sí i. Ṣùgbọ́n ásíìdì ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ ara àwọn aṣe-methane bí ìgbà tí a fi nǹkan bò wọ́n, ìyókù á sì léfòó di èépá lókè.

Ní ti àpò tó kún: omi táǹkì tó ń ṣe dáadáa ní bicarbonate nínú, òun ló ń gba kíkan mọ́ra. Bí ásíìdì bá kàn án, CO₂ ló ń tú jáde. Nítorí náà, ní àkọ́kọ́, táǹkì tó ń kan máa ń mú gáàsì púpọ̀ jáde. Gáàsì ọ̀hún ni kò níláárí. Ìdí kan náà ni pH kì í fi tètè wálẹ̀: ó dìgbà tí bicarbonate bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tó bá ń dúró de pH kó tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ ti pẹ́ tó ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Sírínjì kan ló fi ohun tó wà nínú àpò hàn. Ẹ fi sírínjì 60 ml fa gáàsì 50 ml, kí ẹ wá fi fa omi caustic soda 10 ml (gíráàmù 4 nínú omi 100 ml), kí ẹ dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú kan. Caustic soda á gbé CO₂ mì, ọ̀pá sírínjì á sì máa wọlé fúnra rẹ̀. Bí ó bá há, ẹ fi ìka tì í díẹ̀. Ìbọ̀wọ́ àti awò ojú ṣe pàtàkì, nítorí omi yẹn ń jẹ awọ ara. Nínú 50 ml, 19 ml péré ló ṣẹ́kù, ìyẹn ni pé methane ò tó 40 nínú 100. Bọ́nà lásán kò lè mú iná irú gáàsì bẹ́ẹ̀ dúró.

Láìmù

Ní ọjọ́ keje, wọ́n da kílò 10 láìmù, irú ẹfun funfun tí wọ́n fi ń kun ògiri, sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́sàn-án, pH ní ẹnu páìpù gòkè sí 6.7. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti padà sí 6.2. Ìhà táǹkì ti wọlé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fa nǹkan mu.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Kí láìmù tó bá ásíìdì jà, CO₂ ló ń kọ́kọ́ gbé mì. Kílò 10 rẹ̀ lè gbé nǹkan bí 6,000 lítà CO₂ mì bí gbogbo rẹ̀ bá yòrò, bẹ́ẹ̀ sì ni àyè orí táǹkì kò ju 1,000 lítà lọ. Gáàsì lókè tán lójijì, táǹkì ń fa nǹkan sínú. Omi inú ike fà padà sínú họ́ọ̀sì, ọ̀dà tó dí etí ìdérí là, afẹ́fẹ́ sì gba ibẹ̀ wọlé. Èyí léwu ju kíkan fúnra rẹ̀ lọ: bí methane bá wà láàárín 5 sí 15 nínú 100 afẹ́fẹ́, iná kékeré kan lè bú u gbàmù. Wọ́n tú gbogbo gáàsì inú àpò dànù níta gbangba, ẹnikẹ́ni ò sì ṣáná níbẹ̀ títí wọ́n fi tún etí ìdérí dí.

Láìmù tí kò rí àyè yòrò rì sísàlẹ̀ táǹkì. Òun náà ló fi pH gòkè ní ẹnu páìpù láìjẹ́ pé àárín táǹkì gbà á.

Ìwọ̀n ásíìdì

Bébà pH kò tó fún ìpinnu mọ́. Ọ̀nà ìwọn ásíìdì tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Nordmann gbé jáde ní 1977 ni wọ́n lò. Wọ́n fi aṣọ sẹ́ omi táǹkì, wọ́n wọn 20 ml, wọ́n ń kán sulphuric acid 0.1 N sí i díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ pH nínú rẹ̀. Iye ml tó mú un dé pH 5.0 ni A. Iye tó tún gbà láti 5.0 dé 4.4 ni B. A × 250 ni agbára tó ń gba kíkan mọ́ra, ní mílígíráàmù fún lítà kan. (B × 1.66 − 0.15) × 500 ni ásíìdì tó wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, A jẹ́ 6.4, B jẹ́ 5.2. Ìyẹn mú 1,600 àti 4,241 jáde. Bí a bá fi àkọ́kọ́ pín èkejì, 2.65 ni ìpín ásíìdì rẹ̀. Táǹkì tí ara rẹ̀ dá kì í kọjá 0.3 sí 0.4, bí ó bá ti lé ní 0.6, oúnjẹ ti pọ̀ jù fún un.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀ sí i, nítorí ibí ni ìtọ́jú ti yí padà. 4,241 mílígíráàmù nínú lítà kọ̀ọ̀kan, fún 4,000 lítà, jẹ́ bíi kílò 17 ásíìdì. Láti fi baking soda pa gbogbo rẹ̀, nǹkan bí kílò 24 ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n gíráàmù 60 acetic acid ń di 22.4 lítà methane. Kílò 17 yẹn jẹ́ bíi 6,300 lítà methane, èyí tó jẹ́ 10,500 lítà báyógáàsì. Gáàsì ọjọ́ márùn-ún ni, tó há sórí ìṣísẹ̀ tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá da gbogbo omi yẹn nù ti da epo ìdáná rẹ̀ nù, á sì tún lo oṣù méjì tàbí mẹ́ta kó tó tún rí kòkòrò tó tó. Wọ́n pinnu láti yọ ìdá 3 nínú 10 péré, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀.

Ìtọ́jú

Kò sí oúnjẹ kankan láti ọjọ́ kẹjọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n fa 1,200 lítà omi kíkan sínú dúrọ́ọ̀mù mẹ́fà, wọ́n bo wọ́n ṣùgbọ́n wọn ò dé wọn pa, nítorí gáàsì ṣì ń jáde lára wọn. Wọ́n fi igi gígùn wọ́ èépá ọ̀rá lókè táǹkì jáde. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ki orí bọ ẹnu táǹkì láti ṣe irú iṣẹ́ yìí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ wíwọ inú rẹ̀: bí hydrogen sulphide bá pọ̀, imú kì í gbóòórùn rẹ̀ mọ́, èèyàn á sì ṣubú kó tó mọ̀.

Wọ́n fi 400 lítà ìgbẹ́ màlúù tútù tí wọ́n pò mọ́ 800 lítà omi rọ́pò ohun tí wọ́n fà. Omi ẹ̀rọ ni, wọ́n sì fi í sílẹ̀ mọ́jú kí kílórínì inú rẹ̀ lè fò lọ. Ìgbẹ́ màlúù ní àwọn aṣe-methane nínú, ó sì ní ohun tó ń gba kíkan mọ́ra. Bí ẹ bá lè rí omi láti inú táǹkì mìíràn tó ń jó dáadáa, ó sàn ju ìgbẹ́ lọ. Pípò yìí nìkan mú ásíìdì wálẹ̀ sí bíi 2,970.

Láti ọjọ́ kẹwàá sí ìkẹtàlá, wọ́n ń fi kílò kan baking soda sí i lójúmọ́, tí wọ́n yòrò sínú 20 lítà omi, tí wọ́n ń dà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú 100 lítà omi tí wọ́n fà láti ẹnu páìpù ìjáde tí wọ́n dá padà sí ẹnu páìpù ìfoúnjẹ. Baking soda kì í gbé CO₂ mì bíi láìmù. Òdìkejì ló ń ṣe nínú omi kíkan, ó ń tú u jáde, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dà á lẹ́ẹ̀kan kí ìfófòó má baà gba páìpù. Kílò 4 rẹ̀ nínú 4,000 lítà kò fi sódíọ̀mù kún omi ju bíi 270 mílígíráàmù fún lítà kan lọ. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ McCarty ti kọ ọ́ ní 1964 pé láti 3,500 ni sódíọ̀mù ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dí àwọn aṣe-methane lọ́wọ́, nítorí náà àyè ṣì pọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, pH dé 6.6. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó dé 6.9, sírínjì sì fi 24 ml hàn nínú 50. Iná dúró fún ìgbà àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń gbọ̀n. Oúnjẹ padà ní ọjọ́ kọkàndínlógún, kílò 4 péré, wọ́n sì ń fi kílò 2 kún un ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Bí ìpín ásíìdì bá lé ní 0.5, wọn ò ní fi kún un. Ọjọ́ kọkànléláàádọ́ta ló tó padà dé 20 kílò. Ó pẹ́ lójú ẹni tó ń dáná, ṣùgbọ́n bí àwọn aṣe-methane ṣe ń pọ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé e.

Omi inú dúrọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í padà ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, 40 lítà lójúmọ́ dípò omi ìpò, fún ọgbọ̀n ọjọ́. 40 lítà yẹn ń mú nǹkan bí 100 lítà gáàsì wá, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́tàdínlógún lórí sítóòfù. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dà sí gọ́tà ni.

Ṣé kò ṣeé tà ni ásíìdì náà?

Kò ṣeé tà láti inú táǹkì báyìí. Gíráàmù 4 nínú lítà kan kò tó ìdá 1 nínú 10 ohun tó wà nínú fínígà. Sísè kò sì ràn án lọ́wọ́: omi ń hó ní 100°C, acetic acid ní 118°C, nítorí náà omi ló ń kọ́kọ́ lọ, epo ìdáná á sì tán kí ásíìdì tó kù.

Àwọn tó fẹ́ kẹ́míkà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tó ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ níbí. Wọ́n á jẹ́ kí pH wà láàárín 5 sí 6, wọ́n á jẹ́ kí omi tètè máa jáde, wọ́n á sì dí àwọn aṣe-methane lọ́wọ́. Ní Texas A&M University, Mark Holtzapple gbé ètò kan tó ń jẹ́ MixAlco kalẹ̀ lórí ọgbọ́n yìí: ásíìdì á di iyọ̀, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á sì fi ooru gbígbẹ sọ iyọ̀ náà di ketone, ìdílé kẹ́míkà tí acetone wà nínú rẹ̀. Calcium acetate tí a bá mú gbóná kọjá 400°C ń di acetone, ọ̀nà yẹn náà sì ni wọ́n ń gbà rí acetone kí ọ̀nà Chaim Weizmann, tó ń fi bakitéríà ṣe acetone, tó dé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọ̀nà mìíràn ni ti bakitéríà Clostridium kluyveri, tó ń fi ethanol so ásíìdì kúkúrú di caproic acid, èyí tí kì í fẹ́ bá omi pò, tó ń léfòó bí òróró. Ó rọrùn láti gbọ́n èyí kúrò lórí omi ju láti sè acetic acid lọ. Gbogbo rẹ̀ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni. Nínú ilé, methane ló rọrùn jù láti kó, nítorí fúnra rẹ̀ ló ń kúrò nínú omi.

Ìgbẹ̀yìn táǹkì náà

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gọ́ta, A jẹ́ 16, B jẹ́ 1.6: 4,000 àti 1,253, ìpín 0.31. Sírínjì fi 30 ml hàn. Wọ́n fi òṣùwọ̀n kan kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ páìpù ìfoúnjẹ, àjẹkù tó bá sì lé ní 20 kílò ń lọ sínú ike oníderí fún ọjọ́ kejì. Òróró kò gbọdọ̀ ju ìdajì lítà lọ lọ́jọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ láìmù ló kù. Nígbà tí wọ́n ṣí kọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀ ní ọjọ́ ọgọ́ta, ohunkóhun kò ṣàn. Kílò 10 láìmù tó bá gba CO₂ tán á di bíi kílò 13 ààbọ̀ calcium carbonate, ìyẹn òkúta ẹfun, apá kan rẹ̀ sì ti dì mọ́ inú páìpù. Wọ́n tú ìdajì òde kọ́ọ̀kì, wọ́n da lítà 2 fínígà sínú páìpù, ó hó títí di òwúrọ̀, wọ́n sì fi ọ̀pá irin gún ìyókù. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń jáde báyìí, díẹ̀díẹ̀. Ẹfun tó kù ṣì wà lórí ìsàlẹ̀ táǹkì, kò sì sí ohun tó lè kó o jáde àyàfi ọjọ́ tí wọ́n bá gbẹ táǹkì.